Tíì Abdulrauf àti Iyán Ilé Oyèlárán

Ọkùnrin tí kì í jẹ iyán ni Mojíre Oyèlárán rí fẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá mọ ilé Oyèlárán ní Ilare, ibi tí odó kì í ti í sinmi, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rín. Mùsùlùmí ni ọmọkùnrin náà, Kristẹni ni àwọn ará ilé ọmọbìnrin, ìyẹn kò sì dun ẹnikẹ́ni, nítorí àna Mùsùlùmí pọ̀ nínú ẹbí wọn. Iyán yẹn ni wọn kò mọ bí wọn yóò ṣe fojú fò. Títí di òní, bí mo bá rántí bí inú Mojíre ṣe dùn tó ní ìbẹ̀rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Sábó ni wọ́n ti pàdé, nígbà ọyẹ́, ní ọdún 1994. Mojíre ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó sì yà ra ẹ̀wà ní Sábó nígbà tí ó jáde iṣẹ́. Inú rẹ̀ ti wú láti àárọ̀, afẹ́fẹ́ kún un débi pé ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dì mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Màlámù onítíì, ó fọwọ́ di ikùn mú. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ tónítóní, ó ń mu nǹkan aláwọ̀ ewé kan nínú ife kékeré.

Abdulrauf Ràímì ni orúkọ rẹ̀. Tíṣà ni òun náà, ó ń kọ́ jọ́gíráfì ní ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì, àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti Ìwó. Ó bi Mojíre bóyá inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ní kí Màlámù bu tíì fún un. Ewé kan ni, tí wọ́n ti gbẹ, tí wọ́n ká róbótó-róbótó, tí àwọn oníṣòwò ń kó bọ̀ láti Kánò. Màlámù fẹ́ da ṣúgà sí i kí ó dùn, bí àwọn ará ilé tirẹ̀ ṣe ń mu ún, Abdulrauf ní kí ó fi ṣúgà sílẹ̀. Màlámù mirí, ó ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ni Abdulrauf bi í.

"Mo jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ má mu ún láìjẹun o. Yóò máa ta yín nínú, èébì á sì máa gbé yín. Ẹ̀yìn oúnjẹ ló dáa jù."

Ó korò lẹ́nu Mojíre. Ṣùgbọ́n kí ó tó délé, ó gùfẹ̀, inú rẹ̀ sì rọlẹ̀. Bóyá tíì ni o, bóyá afẹ́fẹ́ ọ̀hún ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀, èmi kò lè sọ. Mojíre ní tirẹ̀ kò ṣiyè méjì. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wà ti ń tán nílé wọn kíákíá, tí ó sì máa ń jẹ́ òun ni yóò lọ rà á.

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣe nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì Màlámù. Abdulrauf máa ń jẹ ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, súyà àti wàrà, kò sì ní fọwọ́ kan búrẹ́dì, ìrẹsì, iṣu tàbí gààrí. Mojíre máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣọ́ ìbàdí bí ọmọge. Ráúfù, orúkọ tí Mojíre gé Abdulrauf kúrú sí, á rẹ́rìn-ín, á ní bí òkèlè bá kúrò nínú ara, ara á fúyẹ́, tíì á sì fọ ìyókù. Ó sọ ọ́ dáadáa débi pé òun fúnra rẹ̀ gbà á gbọ́. Bí Mojíre bá padà sílé, ohùn yẹn ni yóò máa gbọ́, kò ní lè jẹun dáadáa, kò sì ní lè máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára, kò sì fẹ́ kí ó jáde.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì ń bọ̀, wọ́n jọ ń rìn lọ sí Ìlódè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ojú ọjọ́ tutù, síbẹ̀ òógùn bo Ráúfù lójú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ó pe Mojíre ní Ràódàt, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Lẹ́yìn náà ni ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú ṣúgà oníhóró jáde, ó run ún mọ́ ẹnu bí ẹni tí ebi ọjọ́ mẹ́ta ń pa. Mojíre dúró, ó ń wò ó. Ọkùnrin tí kì í fi ṣúgà sí tíì ni ó ń jẹ ṣúgà gbígbẹ lójú títì. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó jókòó sórí òkúta kan, ó sì sọ òótọ́ fún un.

Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é. Òun ló pa bàbá rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Dókítà fún Ráúfù ní oògùn oníhóró, ó ní kí ó dín òkèlè kù, kí ó máa jẹun lásìkò, nítorí oògùn náà máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bí kò bá bá oúnjẹ nínú, yóò fà á kọjá ibi tó yẹ, ènìyàn á sì ṣubú. Ṣúgà díẹ̀ nìkan ló lè gbà á lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Ráúfù ka ìwé ìròyìn òyìnbó kan pé àwọn kan ti pa òkèlè tì pátápátá. Láti ìgbà náà, èrò rẹ̀ ni pé òun yóò fi tíì àti ẹ̀fọ́ lé àìsàn náà lọ, òun yóò sì ju oògùn nù lọ́jọ́ kan.

"Mo ti tọrọ ìyàwó kan rí," ni ó wí. "Nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbọ́, wọ́n dá ẹrù ìdána mi padà. Mojí, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá sọ ọ́, o ti lé mi lọ nìyẹn."

Mojíre búra fún un. Ó búra nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á bí ó ṣe ń búra. Kò mọ irú ẹ̀rù tí ó jẹ́.

Ní ọdún náà, Ráúfù wá kí àwọn òbí Mojíre ní Ilare. Ìyá Mojíre gún iyán fúnra rẹ̀, ó se ẹ̀fọ́ rírò tí ẹran ìgbẹ́ kún inú rẹ̀. Ráúfù dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó dúpẹ́, ó bu ọbẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹran, ó fi iyán sílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e wá. Ó ní inú òun ni kò gbà á. Ìyá Mojíre kó abọ́ náà kúrò nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà mọ́.

Ìyábọ̀dé, àbúrò bàbá Mojíre, ni alárinà wọn. Ó wá bá Mojíre nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ìyá rẹ̀ ń sọ pé àwọn tó ń ṣọ́ra fún oúnjẹ àna, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn ni, wọ́n ti fún wọn ní èèwọ̀. Ó ní bàbá rẹ̀ ń bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ọmọkùnrin náà rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ.

"Kí ló ń ṣe é gan-an?" ni Ìyábọ̀dé bi í. "Sọ fún mi, n ó mọ bí n ó ṣe gbé e kalẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè Mojíre. Ó gbé e mì. "Kò sí nǹkan, Àǹtí. Òun ni kì í fẹ́ràn òkèlè."

Ìyábọ̀dé ní bí kò bá sí nǹkan, a jẹ́ pé yóò lè jẹ ẹ́ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nìyẹn. Àṣà ilé wọn ni, Mojíre náà sì mọ̀ ọ́n. Wọn kì í dá àna lóhùn ní ilé Oyèlárán àfi bí ó bá jẹ iyán tí ìyá ìyàwó gún, lójú gbogbo ẹbí, kí ó sì jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá jẹ ẹ́, wọ́n fún un níyàwó. Bí kò bá jẹ ẹ́, kí ó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyábọ̀dé ti bẹ àwọn àgbà títí wọ́n fi gbà láti dá ọjọ́ náà.

Mojíre mú ìròyìn yìí lọ fún Ráúfù. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun sọ fún Ìyábọ̀dé nìkan ṣoṣo. Ráúfù kọ̀. Ó ní kí ni iyán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, òun yóò jẹ ẹ́, òun yóò sì fi tíì lé e. Ó dì í mú, ó fi orí Mojíre sí àyà. Mojíre gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù kíkan-kíkan, ó sì gbàdúrà pé kí ọjọ́ náà má tètè dé.

Ó dé. Ọ̀wọ́n epo wà ní ọ̀sẹ̀ náà, mọ́tò kò sí lójú ọ̀nà bí ó ṣe yẹ. Síbẹ̀ àwọn ará ilé Ráúfù dé lásìkò, ìyá rẹ̀ Ṣàkírátù àti Ràódàt ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà níwájú. Kí wọ́n tó mú wọn wọ pálọ̀, Ráúfù bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí Mojíre dúró sí. Ojú rẹ̀ ń dán.

"Má bẹ̀rù rárá," ni ó wí. "N kò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, tíì nìkan ni mo mu, kí inú lè ṣófo de iyán Màmá. Mo sì ti lo oògùn méjì dípò ẹyọ kan, kí iyán bá a níbẹ̀."

Mojíre ní kí ó jẹ nǹkan, ẹ̀pà lásán, kí ó tó wọlé. Kí Ráúfù tó dáhùn, wọ́n ti ń pè é.

Ìyàwó kì í yọjú ní ilé yẹn títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Mojíre jókòó sí yàrá inú, aṣọ ìbòrí lórí rẹ̀, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti pálọ̀. Iyán ti jinná nílé ìdáná. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí yóò gbẹnu sọ fún ilé, kò tíì dé láti oko, nítorí epo tí kò sí. Wọn kò sì lè gbé oúnjẹ síta kí ó tó dé. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń dúró. Wọ́n gbé mínírà kalẹ̀ fún àwọn àlejò, Mojíre sì gbọ́ ohùn Ráúfù tó ń sọ pé òun kì í mu ohun dídùn.

Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó dáhùn dáadáa. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ń gbé, ó dákẹ́, ó tún dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó ní ìtìjú ọkọ ìyàwó ni. Mojíre mọ̀ pé kì í ṣe ìtìjú. Ó fa Ìyábọ̀dé wọlé, ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbé iyán náà wá báyìí. Ìyábọ̀dé lọ, ó padà, ó ní àwọn àgbà sọ pé kí àna ṣì mú ebi mọ́ra díẹ̀. Mojíre dìde. Ó tún jókòó. Bí òun bá jáde láìpè, òun ba ọjọ́ jẹ́, bí òun bá sọ̀rọ̀, òun pàdánù rẹ̀. Bí òun kò bá sì sọ ọ́ ńkọ́? Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ronú, àsìkò sì ń lọ. Ìyẹn ni ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn náà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ dé níkẹyìn, wọ́n gbé iyán síwájú Ráúfù. Lẹ́yìn náà ni Mojíre gbọ́ ìró abọ́ tó fọ́.

Ó sáré jáde. Ráúfù ti fi ọwọ́ gbá iyán dànù. Ọbẹ̀ ta sí aṣọ bàbá Mojíre, iyán wà nílẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú Ráúfù, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kò rí ẹnikẹ́ni, ó ń kùn lábẹ́nu. Àwọn ará ilé Oyèlárán ti dìde. Ẹnìkan ń sọ pé ẹ kó ẹrù yín, ẹnìkan ń sọ pé ó ti mutí wá. Ìyá Mojíre ń wo iyán rẹ̀ nílẹ̀, omi sì lé sí i lójú.

"Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é," ni Mojíre wí. "Oògùn rẹ̀ ti fa ṣúgà rẹ̀ tán. Ẹ gbé mínírà wá fún mi."

Ṣàkírátù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Mojíre, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ṣúgà ló pa bàbá ẹ̀. O fẹ́ fún ọmọ mi ní ṣúgà?"

Ìyá Mojíre náà sọ̀rọ̀ wàyí. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fẹnu kan ohun dídùn, pé bí ọmọkùnrin náà bá kú sí pálọ̀ àwọn, kí ni àwọn yóò wí? Ràódàt ní kí wọ́n fún un ní tíì rẹ̀, tíì ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ó ti ń ṣí fúláàsìkì tí Ráúfù gbé wá. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n sì fẹ́ pa á.

Mojíre já ọwọ́ rẹ̀ gbà. Ó mú ìgò mínírà kan lórí tábìlì, ó kúnlẹ̀ sínú ọbẹ̀ tó dà, ó gbé orí Ráúfù sókè, ó ń dà á sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Púpọ̀ rẹ̀ dà sára àwọn méjèèjì. Ráúfù ṣì ń gbé e mì. Bí kò bá lè gbé e mì ni, n kò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí. Ṣàkírátù ti ń ké orúkọ Ọlọ́run lẹ́yìn rẹ̀.

Ó pẹ́ lójú wọn kí Ráúfù tó ṣẹ́jú. Ó wo Mojíre, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wo ilẹ̀.

"Ta ló da iyán Màmá sílẹ̀?" ni ó bi wọ́n.

Àwọn ará ilé Ráúfù kó ẹrù wọn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, kò sí ẹni tó dárúkọ Ráúfù ní Ilare. Mojíre ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ti gbà pé ó tán. Ráúfù ránṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan pé òun ń sinmi ní ilé òun ní Ìlódè, kí ó má wá. Àṣé bàbá Mojíre ti ń wádìí. Ó ti bi nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbọ́ pé ènìyàn lè ní ìtọ̀ ṣúgà kí ó sì dàgbà dógbó, bí ó bá ń lo oògùn, tí ó sì ń jẹun bí wọ́n ṣe ní kí ó jẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó pe Mojíre sí iwájú ilé.

"Ìwọ lo gba ọmọ yẹn là lójú mi," ni ó wí. "N kò lè ní kí o má fẹ́ ẹ. Lọ sọ fún un pé mo ti gbà. Kí ó máa lo oògùn rẹ̀, kí ó máa lọ rí dókítà, n kò tún fẹ́ nǹkan mìíràn."

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní kí ó bi í irú ẹ̀fọ́ tó fẹ́ràn, pé òun kò ní gún iyán nítorí rẹ̀ mọ́. Mojíre kúnlẹ̀ níwájú wọn, ó sunkún ayọ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní. Ìrìn rẹ̀ dé Ìlódè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ eré.

Ráúfù wà nílé. Ó jókòó ti sítóòfù kékeré rẹ̀, ó ń se omi tíì, inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ti rù. Egungun ọrùn rẹ̀ ti yọ. Kẹ́ẹ̀gì omi ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bu mu, kò pẹ́ ó tún bu, bí ẹni tí iná ń jó nínú. Nígbà tí ó súnmọ́ ọn, Mojíre gbóòórùn nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀, bí ti èso tó ti pọ́n jù.

"Mo ti jù ú nù, Mojí," ni Ráúfù wí.

"Kí ni o jù nù?"

"Oògùn. Mo dà á sí ṣáláńgá lọ́jọ́ tí a ti ilé yín dé. Oògùn ló gbé mi ṣubú, ṣebí ìwọ náà rí i? Tíì kò gbé mi ṣubú rí. Ìyá mi náà ti fara mọ́ ọn. Wò mí, wo bí mo ṣe fúyẹ́."

Mojíre ṣàlàyé fún un, ó tún un ṣe. Ó ní oògùn méjì láìjẹun ló gbé e ṣubú, kì í ṣe oògùn fúnra rẹ̀. Ó ní tíì dára fún inú tó wú, kò lè ṣe iṣẹ́ oògùn, kò ṣe é rí. Ó ní òùngbẹ àti rírù rẹ̀ ń fi hàn pé ṣúgà rẹ̀ ti ga jù, ó bẹ̀ ẹ́ kí àwọn jọ lọ sí ọsibítù báyìí. Ráúfù ń fi sùúrù gbọ́ ọ bí ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ń ṣi ìdáhùn sọ. Ó ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, bí ó bá ṣì fẹ́, àwọn yóò lọ, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé àìsàn náà ti tán. Ó wá bi í léèrè ohun tí bàbá rẹ̀ wí.

Ọ̀rọ̀ tí ó sáré gbé wá láti Ilare wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó dènà fún un ti kúrò lọ́nà. Ó wo ọkùnrin náà tí ó fẹ́ràn ju ẹnikẹ́ni lọ láyé, ó sì rí opó tí òun yóò dà.

"Bàbá mi ti gbà," ni ó wí. "Màmá mi náà ti gbà. Èmi ni n kò tíì gbà, Ráúfù. Dìde ká lọ. Bí o bá dìde, a ti fẹ́ra wa nìyẹn."

Ó rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ṣí i sílẹ̀, ó dúró dè é. Ráúfù rẹ́rìn-ín sí i tìfẹ́tìfẹ́. Ó bu tíì sínú ife méjì, ó gbé ọ̀kan síwájú àga tó ṣófo, ó ní kí ó wá jókòó kí ó tó tutù.